Ẹpìyà Alágbọ̀ndúdú: Ìtàn Ẹja Tí Ó Mọ Omi Méjì



1. Ìfáàrà

Ìtàn tí a sábà máa ń kọ ní ilẹ̀ wa ni ìtàn àwọn ọba, ti ogun, ti ìṣíkiri àwọn ènìyàn àti ti ìtẹ̀dó ìlú. Èyí dára, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi pẹ̀lú ní ìtàn, ohun tí ń gbé inú omi sì jẹ́ ẹlẹ́rìí tí a kì í sábà pè láti wá sọ tẹnu rẹ̀. Irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ kan ni mo fẹ́ pè síwájú yín lónìí. Ẹja kékeré ni. Èyí tí a ń rí nínú àwọ̀n lójoojúmọ́ kì í sábà gùn ju ọwọ́ ènìyàn lọ. Inú ọ̀sà ni ilé rẹ̀, níbi tí omi odò ti ń pàdé omi òkun. Ọ̀kan nínú àwọn ẹja tí a ń pè ní ẹpìyà ni, ṣùgbọ́n ó ní àmì tirẹ̀: àwọ̀ dúdú tí ó máa ń wà ní abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ nígbà tí ó bá ti dàgbà. Nítorí àmì yìí ni n ó ṣe máa pè é ní ẹpìyà alágbọ̀ndúdú nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ó kan ará òkè nínú ọ̀rọ̀ ẹja ọ̀sà. Ẹ jẹ́ kí a mú Ùsò ṣe àpẹẹrẹ. Ojú ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀ ni ìlú náà wà, ní àárín igbó àti oko. Kò sí ẹni tí ó lè dúró níbẹ̀ kí ó gbọ́ ìró ìgbì òkun. Síbẹ̀, ẹja gbígbẹ tí àwọn ará etí omi fi èéfín yan ti ń gòkè wá sí àwọn ọjà igbó láti ìgbà pípẹ́, tí iṣu àti oúnjẹ oko mìíràn sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ wọn. Ará òkè ti ń jẹ ẹja ọ̀sà kí ó tó rí ọ̀sà. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, omi tí ó ń ṣàn kọjá ní ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ kì í dúró síbẹ̀. Odò Ọ̀sẹ́ ń gba ilẹ̀ náà lọ sí ìhà gúúsù, ó ń wọ ilẹ̀ Ẹdó, títí omi rẹ̀ yóò fi dé àwọn ọ̀nà omi tí ó wà ní ẹnu Odò Bìní, kí ó tó bọ́ sí òkun. Nítorí náà, ará Ùsò àti ẹja tí mo ń sọ yìí kì í ṣe àjèjì sí ara wọn. Òkè ni ọ̀kan wà, ìsàlẹ̀ ni èkejì wà, omi ni ó so wọ́n pọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn kò pọ̀. Gbogbo ẹni tí ó ti ṣe ìwádìí lórí ẹja yìí ni ó gbà pé ó jẹ́ akíkanjú: ó lè gbé inú omi dídùn, ó lè gbé inú omi iyọ̀, ó sì lè gbé inú omi tí iyọ̀ rẹ̀ ju ti òkun lọ. Nítorí èyí, ó rọrùn fún wa láti rò pé ohunkóhun tí a bá ṣe sí ọ̀sà, ẹja yìí kò ní ṣaláìsí. Èrò yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Mo fẹ́ kí a fi ojú ìtàn wò ó, kí a sì mọ̀ pé ohun ọ̀tọ̀ ni kí ẹ̀dá yè, ohun ọ̀tọ̀ ni kí ó gbádùn ayé rẹ̀.

2. Irú ẹja tí ó jẹ́

Láti ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà títí dé ẹnu odò Kóńgò ni a ti ń rí ẹpìyà alágbọ̀ndúdú, ní gbogbo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọdún 1852 ni Eduard Rüppell, onímọ̀ ará Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé, tí ó sì sọ ọ́ ní Sarotherodon melanotheron. Kò sí iyèméjì pé àwọn apẹja wa ti mọ ẹja náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran kí Rüppell tó rí i. Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ kó o pọ̀ mọ́ àwọn ẹpìyà yòókù lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Tilapia. Ethelwynn Trewavas, obìnrin onímọ̀ tí ó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ nídìí ẹja Áfíríkà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó tún wọn yà sọ́tọ̀ nínú ìwé ńlá tí ó gbé jáde ní ọdún 1983. Ọ̀nà tí ẹja kọ̀ọ̀kan ń gbà tọ́ ọmọ wà lára ohun tí ó fi yà wọ́n. Àwọn kan ń yé ẹyin sílẹ̀ lórí ilẹ̀ inú omi, wọ́n a sì máa ṣọ́ ọ. Àwọn mìíràn ń kó ẹyin sí ẹnu.

Alágbọ̀ndúdú jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń kó ẹyin sí ẹnu, ohun tí ó sì yani lẹ́nu ni pé baba ni ó sábà máa ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí abo bá ti yé ẹyin tán, tí akọ sì ti da àtọ̀ sí i, akọ yóò ṣa ẹyin náà sí ẹnu, yóò sì gbé e kiri fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, títí àwọn ọmọ yóò fi pa, tí wọn yóò sì lè lúwẹ̀ẹ́ fúnra wọn. Ní gbogbo àkókò yìí, oúnjẹ díẹ̀ ni baba lè jẹ, bí ó bá tilẹ̀ jẹ rárá. Ẹyin rẹ̀ tóbi, kò sì pọ̀ bíi ti àwọn ẹja tí ń da ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sílẹ̀ láìbojúwẹ̀yìn. Ẹja yìí kò fi ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe agbára. Ìtọ́jú ni agbára rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, kì í ṣe ẹja apẹran. S. O. Fagade, tí ó ṣe ìwádìí lórí oúnjẹ àwọn ẹpìyà inú ọ̀sà Èkó, tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1971. Òun àti C. I. O. Olaniyan, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè ní Yunifásítì Èkó, wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ẹja ọ̀sà náà lélẹ̀. Ohun wẹ́wẹ́ tí ń hù nínú omi, èyí tí ń bo ara igi àti òkúta, pẹ̀lú ewé tí ó ti jẹrà mọ́ ẹrẹ̀, ni alágbọ̀ndúdú fi ń ṣe oúnjẹ. Ìdí nìyí tí ó fi fẹ́ràn etí omi tí kò jìn, lábẹ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà, igi etí ọ̀sà tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń yọ sókè lórí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ alántakùn. Níbẹ̀ ni oúnjẹ wà, níbẹ̀ ni ọmọ ẹja ń sá sí nígbà tí ọ̀tá bá dé. Àwọn baba wa sọ pé àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Ẹni tí ó bá mọ ìgbésí ayé ẹja yìí yóò mọ̀ pé ẹbí tímọ́tímọ́ ni àbàtà àti odò.

3. Ọgbọ́n inú omi méjì

Ojú tí ó bá ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù. Òwe yìí bá ẹja wa mu ju bí ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á ti lè rò lọ. Láti mọ bí iṣẹ́ náà ti le tó, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí iyọ̀ ń ṣe sí ara ẹja. Bí ẹja bá wà nínú omi dídùn, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti ìta lọ. Omi yóò máa wọ inú ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Kò gbọdọ̀ mu omi, ó sì gbọ́dọ̀ máa tọ̀ púpọ̀, kí ó sì máa ṣa ìwọ̀nba iyọ̀ tí ó bá rí nínú omi pa mọ́. Bí ó bá bọ́ sínú omi òkun, gbogbo rẹ̀ yóò yí padà. Omi ara rẹ̀ ni yóò máa jáde lọ. Ó di dandan kí ó máa mu omi iyọ̀, kí ó sì máa ti iyọ̀ tí ó ṣẹ́ kù jáde láti inú ẹ̀yà ara tí ó fi ń mí ní abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja ni ó mọ ọ̀kan nínú ọgbọ́n méjèèjì yìí. Ẹja wa mọ méjèèjì, ó sì lè ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì bí àkókò ti ń yí.

Ọ̀sà Èkó gan-an ni ó kọ́ ọ. Ní ìgbà òjò, omi àwọn odò òkè a ya wọ inú ọ̀sà, a sì ti omi òkun sẹ́yìn títí apá púpọ̀ nínú ọ̀sà náà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi dídùn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò a fà, òkun a sì wọlé. J. E. Webb, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn nígbà tí ibẹ̀ ṣì ń jẹ́ University College, ṣe àlàyé ìyípadà yìí nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1958. Ó fi hàn pé òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń pinnu irú ẹ̀dá tí ó lè gbé inú ọ̀sà àti ìgbà tí ó lè gbé e. Omi òkun gidi ní nǹkan bí gíráàmù iyọ̀ 35 nínú lítà kan. Ní ẹnu odò Saloum ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, níbi tí ọ̀dá ti jẹ́ kí oòrùn máa fa omi ju bí òjò ti ń rọ̀ lọ, a ti bá ẹpìyà alágbọ̀ndúdú nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ ju gíráàmù 100 lọ nínú lítà kan.

Ṣùgbọ́n níbí yìí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹja inú Saloum náà wà láàyè lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í dàgbà bí ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ń tètè bí ọmọ nígbà tí ara wọn ṣì kéré, nítorí pé agbára tí ó yẹ kí wọ́n fi dàgbà ni wọ́n ń fi lé iyọ̀ jáde. Ẹja wà, ṣùgbọ́n ẹja tí ó lè kún ìkòkò kò sí mọ́. Ẹni tí ó bá ka iye ẹja nìkan yóò sọ pé kò sí ohun tí ó ṣe omi; ẹni tí ó bá fi ọwọ́ wọn ẹja ni yóò mọ òtítọ́.

4. Ọ̀sà kò wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé

A máa ń sọ̀rọ̀ ọ̀sà bí ẹni pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín bo apá púpọ̀ nínú àríwá ayé, omi òkun fà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ fi lọ sílẹ̀ ju ti òní lọ ní nǹkan bíi mítà 120. Ibi tí ọ̀sà Èkó wà lónìí jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ. Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, òkun ń gòkè wá díẹ̀díẹ̀. Ẹ rántí Ihò Eléérú ní agbègbè Àkúrẹ́, níbi tí Thurstan Shaw àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti wú egungun ènìyàn jáde ní ọdún 1965. Ó lé ní 11,000 ọdún tí ẹni náà ti gbé ayé. Nígbà tí ó ń ṣọdẹ nínú igbó tí kò jìnnà púpọ̀ sí Ùsò, òkun kò tíì dé ibi tí ó wà lónìí, ọ̀sà tí a mọ̀ yìí kò sì tíì sí. Ó tó nǹkan bí 6,000 tàbí 7,000 ọdún sẹ́yìn kí òkun tó súnmọ́ ibi tí a bá a yìí, tí ìgbì sì bẹ̀rẹ̀ sí kó iyanrìn jọ bí ògiri, tí omi fi há sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Àní lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀sà kò dúró sí ojú kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n M. Adebisi Sowunmi ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tí ó fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó tí ó ti wà nínú ilẹ̀ láti ayébáyé ka ìtàn igbó wa, ṣe ìwádìí lórí erùpẹ̀ tí a gbẹ́ jáde ní Ahanve ní agbègbè Bàdágírì. Ó rí i pé igbó igi ẹ̀gbà ti wà níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn, ó pòórá. Omi dídùn àti ilẹ̀ tí ó túbọ̀ gbẹ gba ipò rẹ̀. Ìyẹn ni pé omi iyọ̀ ti wọ ibìkan, ó sì ti jáde kúrò níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọkọ́ tàbí ẹ̀rọ kan ibẹ̀. Ẹ̀dá tí ó bá fẹ́ gbé irú ibi bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ omi méjì. Ọgbọ́n ẹpìyà alágbọ̀ndúdú kì í ṣe ohun àrà tí ó ṣẹlẹ̀ lásán. Ogún ìtàn ọ̀sà ni.

Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí bí ìyípadà wọ̀nyí ti rí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n gbà. Bí igbó ẹ̀gbà bá ń kú níhìn-ín, òmíràn lè máa hù lọ́hùn-ún. Ẹja náà rí àyè ṣí lọ.

5. Ọwọ́ ènìyàn ní ẹnu omi

Nígbà tí ènìyàn dá sí ọ̀rọ̀ náà, ìyípadà kò dúró de ìran kan kí ó tó parí. Ọdún 1885 ni àwọn Faransé gbẹ́ ọ̀nà omi ní Kútọnú, láti jẹ́ kí ìkún omi adágún Nokoué rí ibi jáde sí òkun. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, omi odò Ouémé ni ó jọba nínú adágún náà. Láti ìgbà náà wá, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun ń gba ọ̀nà tí a là sílẹ̀ wọlé. Bí odò bá sì kún, omi dídùn a tún lé e jáde. Ohun tí àwọn tí ó gbẹ́ ilẹ̀ náà ń wá ni kí omi má bo ìlú. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n yí ìgbésí ayé gbogbo ohun tí ń bẹ nínú adágún náà padà.

Ní Èkó náà, ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta mọ odi wọ inú òkun, wọ́n sì ń kó iyanrìn kúrò ní ẹnu èbúté kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé. Bí ẹnu omi ti ń jìn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà òkun ń là sí i. Ẹpìyà alágbọ̀ndúdú kò bínú sí iyọ̀. Ohun tí ó tẹ̀ lé èbúté ni ó le fún un: ìlú tí ó ń dàgbà ń fẹ́ ilẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí fi iyanrìn dí etí ọ̀sà tí kò jìn. Ní Òkò Bàbá ní Ẹ̀bùté Mẹ́tà, níbi tí a ti ń la gẹdú, eérú igi ń bọ́ sínú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń bo ilẹ̀ inú ọ̀sà, bí ó sì ti ń jẹrà, ó ń gba afẹ́fẹ́ tí ẹja fi ń mí. Bí a bá wò ó dáadáa, kò sí èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ iyọ̀ nínú wọn. Ibi tí ẹja ń jẹun, ibi tí ó ń fi ọmọ rẹ̀ pa mọ́ sí, ni a ń gbà.

6. Igi inú omi

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn ṣe ni ó pa ẹja lára. Ní adágún Nokoué àti ní ọ̀sà Àjàṣẹ́, àwọn apẹja ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní acadja. Wọn a gé ẹ̀ka igi, wọn a gbìn ín sínú ẹrẹ̀ ní ibi tí omi kò jìn, títí yóò fi dà bí igbó kékeré láàárín omi. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ohun wẹ́wẹ́ a ti hù bo ara igi náà. Ẹja a wá jẹun, a fi ibẹ̀ ṣe ilé, a sì bímọ síbẹ̀. Nígbà tí ó bá yá, apẹja a fi àwọ̀n yí i ká, a fa igi jáde, a sì kó ẹja. Robin Welcomme, onímọ̀ ẹja, tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí acadja jáde ní ọdún 1972. Ẹja tí a ń kó níbẹ̀ pọ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po ju èyí tí a ń rí ní gbangba omi lọ, ẹpìyà alágbọ̀ndúdú ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí èyí ń sọ fún wa. Àwọn apẹja náà kò fi ìwé kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹja, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣàwárí pé kì í ṣe omi nìkan ni ilé ẹja. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀dà igbó ẹ̀gbà. Ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ní ọ̀sà Ebrié, àwọn onímọ̀ fi ọpa ọparun dán irú ọgbọ́n yìí wò láàárín ọdún 1980 sí 1990.

Síbẹ̀, ohun tí ó dára náà ní ojú kejì. Igi inú omi ń jẹrà. Ó di dandan kí a máa gé òmíràn, igbó etí omi sì ń tán lọ. Igi tí ó jẹrà ń mú kí ọ̀sà máa kún fún ẹrẹ̀. Ẹni tí ó lówó láti ra igi púpọ̀ ń gba omi púpọ̀, ẹni tí ó ní ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan àti àwọ̀n kan ṣoṣo a sì máa wá ibi tí yóò gbà kọjá. Ìjà ti ṣẹlẹ̀ nítorí rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ acadja ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹja nìkan. Ó ti di ọ̀rọ̀ ta ni ó ni omi.

7. Nígbà tí ó dé ìdálẹ̀

Láti ọ̀nà jíjìn ni ẹ̀rí mìíràn ti wá. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, a rí ẹpìyà alágbọ̀ndúdú ní etíkun Florida ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2010, a kó 2,000 nínú wọn láti ilẹ̀ Gánà lọ sí ilẹ̀ Thailand fún iṣẹ́ ọ̀sìn ẹja. Nígbà tí ó fi di ọdún 2024, ẹja yìí ti gba àwọn odò àti àwọn adágún ọ̀sìn edé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀, ó ń jẹ ọmọ edé àti ọmọ ẹja mìíràn, ìjọba sì ń fi owó rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá pa á, kí ó lè dín kù.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè sọ pé ẹja tí a ń lé kiri bí esú ní ìdálẹ̀ kò nílò àánú ẹnikẹ́ni nílé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó. Ní Thailand, ó bá oúnjẹ nílẹ̀, ó bá etí omi tí kò jìn, kò sì bá àwọn ọ̀tá tí ó mọ̀ ọ́n láti ìran dé ìran. Ohun tí ó ṣe níbẹ̀ fi agbára rẹ̀ hàn níbi tí àyè bá ti gbà á. Kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ibi tí a bá ti gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀.

8. Ìlàjẹ, Ọ̀wọ̀ àti Ùsò

Mo padà wá sí ilé. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọdún 1976, ilẹ̀ igbó Ọ̀wọ̀ àti ilẹ̀ etíkun Ìlàjẹ wà lábẹ́ òrùlé kan náà, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ní Ìlàjẹ, ọ̀rọ̀ omi dídùn àti omi iyọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé. Nígbà tí a ń wá epo rọ̀bì ní etíkun náà, a gbẹ́ àwọn ọ̀nà omi kí ọkọ̀ àti ẹ̀rọ lè kọjá. Ní agbègbè Awoye, omi òkun gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọ inú irà tí ó jẹ́ ti omi dídùn. Àwọn igi tí kò mọ iyọ̀ kú lórí ìdúró. Àwọn ẹja omi dídùn, irú àrọ̀, kò lè dúró. Àwọn ènìyàn tí ń bu omi mu nínú irà náà kò rí omi mu mọ́. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ìṣọ̀kan àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn, òkun ti gba ilé àti òpópónà, ó sì ń gbà á síwájú.

Ní irú ibi tí iyọ̀ ti wọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹja tí ó mọ omi méjì ni ó lè ṣẹ́ kù. Ẹni tí ó bá fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ yóò ka iye ẹpìyà, yóò sì sọ pé omi ṣì ń mú ẹja jáde. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó ń jẹ oríṣiríṣi ẹja tẹ́lẹ̀, tí ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo fún un, tí ẹyọ náà sì ń kéré sí i, ti pàdánù ohun tí kò lè fi owó rà padà.

Òkè náà ní ipa tirẹ̀. Omi òjò tí ó bá bọ́ sórí igbó ń rọra wọ ilẹ̀, ó sì ń rọra dé odò. Bí igbó bá ti pa run, ìṣàn ni yóò fi ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ, tí ẹrẹ̀ rẹ̀ yóò sì bo ìsàlẹ̀ odò. Bí àwọn odò bá ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kò sí ohun tí yóò ti òkun sẹ́yìn. Ní ọdún 1984, ewéko kan tí ń léfòó, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò, gba ìhà Bàdágírì wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ó dí ọ̀nà ọkọ̀, ó sì bo ojú omi ní ọ̀pọ̀ ibi títí dé Ìlàjẹ. Bí omi bá dùn, a pọ̀ sí i. Bí iyọ̀ bá dé, a kú. Ewéko yìí pẹ̀lú jẹ́ ẹlẹ́rìí pé ìwọ̀n omi òkè àti omi òkun ni ó ń pinnu ohun tí ojú àwọn ará etí omi yóò rí ní ọdún kan.

9. Ìkádìí

Mo ti pe ẹlẹ́rìí mi, ó sì ti sọ tẹnu rẹ̀. Ó sọ pé ọ̀sà ti ń yí padà láti ìgbà tí ó ti wà, àti pé òun ti bá a yí. Ó sọ pé iyọ̀ nìkan kọ́ ni ó ń pa ẹja: bí a bá dí etí omi, bí a bá gé igbó ẹ̀gbà, bí a bá fi ìdọ̀tí bo ilẹ̀ tí ó ti ń jẹun, ọgbọ́n omi méjì kò lè gbà á. Ó sì sọ pé ẹni tí ó bá ń gbé ilẹ̀ tàbí tí ó ń la ọ̀nà omi nítorí ohun kan ṣoṣo, ìbáà ṣe èbúté, ìbáà ṣe epo, ìbáà ṣe ilé kíkọ́, kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò mọ̀ pé ohun mẹ́wàá mìíràn wà nínú omi náà. A ti rí i ní Kútọnú láti ọdún 1885. Kò sí àwáwí mọ́.

Ohun tí ó kù fún wa ni kí a yí ọ̀nà tí a ń gbà béèrè ìbéèrè padà. Nígbà tí a bá fẹ́ gbẹ́ ọ̀nà omi tàbí kí a dí etí ọ̀sà, kí a má ṣe béèrè pé, ‘Ǹjẹ́ ẹja yóò kú?’ nìkan. Kí a béèrè pé, ‘Irú ẹja wo ni yóò ṣẹ́ kù, báwo ni yóò ti tóbi tó, ta ni yóò sì rí i jẹ?’ Kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja pẹ̀lú, nítorí pé àwọn tí ń gbin igi sínú omi ti mọ ìdáhùn kan kí a tó kọ ọ́ sínú ìwé. Kí àwọn tí ó wà ní òkè, ní Ùsò, ní Ọ̀wọ̀ àti ní gbogbo etí odò Ọ̀sẹ́, sì mọ̀ pé ẹni tí ó wà ní òkè odò ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan omi tí ará ìsàlẹ̀ yóò mu.

Baba ẹja yìí ń gbé ọmọ rẹ̀ sí ẹnu fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó tó tú wọn sílẹ̀ sí etí omi tí ó gbà gbọ́ pé wọn yóò rí ààbò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó ṣe yẹn. Etí omi náà ni ó kù sí wa lọ́wọ́.